Òróró Inú Ihò Kọ́kọ́rọ́

Kọ́kọ́rọ́ náà wọlé dé ìdajì, ó dúró. Oyèbísí fà á yọ, ó fi etí ìró nù ún, ó tún kì í bọ ihò. Ìdajì náà ni. Ó dijú, ó pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá fi gbogbo agbára ọrùn ọwọ́ tì í. Kọ́kọ́rọ́ kò mira. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló dún.

"Rọra, Ìyá Tóbi," ni Bàbá Bámilóyè, oníkọ́kọ́rọ́, wí láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. "Tí o bá kán an síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọkọ rẹ máa fi rìn délé."

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an ló wà ńlẹ̀. Ìbídàpọ̀, ọkọ Oyèbísí, ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti sá lọ, ọ̀pá ló sì fi ń rìn báyìí, nítorí ọ̀kadà gbé e ṣubú níbẹ̀, eegun itan rẹ̀ kò sì jinná tán. Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpò Oyèbísí, ó ti kà á títí ó fi ń fàya lójú ìṣẹ́po. Ó ní mọ́tò máa já òun sílẹ̀ ní Ọbáníkòró ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá pàdé òun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé ni Oyèbísí ti pinnu pé inú Píjó yìí, Píjó ọkọ òun fúnra rẹ̀, ni òun yóò fi gbé e wọ Bárígà. Takisí pọ̀ ní Ọbáníkòró, ó mọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ takisí.

Ohun tó ká a lára ni pé kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù tí ọkọ rẹ̀ lè padà wá bá. Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ike àti abọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjèèjì, àwọn sójà ló kó wọn lọ ní 1996, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé orí wọn ni wọ́n ti tẹ àwọn ìwé pélébé tó ń sọ pé kí sójà padà sí bárékè. Ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sin ín, kò sí nílé. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Olúwatóbi, ti dàgbà débi pé ó ti lọ ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya. Irun orí Oyèbísí pàápàá ti ń funfun, ọpẹ́lọpẹ́ gèlè. Ní báyìí tí àwọn alágbádá ti gbàjọba, tí oṣù kan kò tíì pé, gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ ti mọ́. Oyèbísí fẹ́ kí ọkọ òun rí ohun kan, ẹyọ ohun kan péré, tó wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Mọ́tò náà ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mẹkáníìkì fi tún un ṣe. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó fọ gbogbo ibi tí epo ń gbà, ó rọ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó wá kan ihò kọ́kọ́rọ́ nídìí sítíárìn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi irin fọ́ ọ, kí òun kàn so wáyà pọ̀. Oyèbísí ní kò ṣeé ṣe. Mọ́tò tí wọ́n ti fọ́ ìdí sítíárìn rẹ̀ bí èyí tí olè jí, ta ni òun fẹ́ sọ fún pé òun tọ́jú rẹ̀? Ìdí nìyẹn tó fi lọ bẹ Bàbá Bámilóyè wá láti Ṣómólú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé, kí kọ̀ǹpútà tó dé tó lé e nídìí iṣẹ́. Nígbà tí ó rí i pé ojú òun ṣì ń ríran, ọwọ́ òun kò sì gbọ̀n, ó sọ ara rẹ̀ di oníkọ́kọ́rọ́. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ṣa lẹ́tà tí kò tóbi ju èèrà lọ nígbà náà, òun náà ló fi ń wá nǹkan nínú àgádágodo olówó-olówó. Ó mọ Ìbídàpọ̀ dáadáa. Ta ni kò mọ ta ni nínú àwọn atẹ̀wé Ṣómólú?

Ó ní kí Oyèbísí sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sípò rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú ihò náà. Ó fi ìka kan ẹnu ihò náà, ó gbé ìka sí imú.

"Kí lo ń dà síbí?"

Oyèbísí ní òróró ni. Bàbá ní òróró wo? Oyèbísí wolẹ̀, ó ní òróró àdúrà.

Ó wá di dandan kó ṣàlàyé. Láàárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kí àdúgbò tó jí dáadáa, ó máa ń gbé ìgò òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì jáde, á jókòó sínú mọ́tò, á kán ẹ̀kán mẹ́ta sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Á ní, Olúwa, bí òróró yìí ṣe ń rọ ihò yìí, rọ ọkàn àwọn tó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ mi. Á ṣe àmín fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Òjò ò dá a dúró, àìsàn ò dá a dúró, ìgbà tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé e lọ gan-an, ó rá jáde.

Bàbá Bámilóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá òróró bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, lára kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, nínú àgádágodo ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ó ní àdúrà náà gbà, ẹni tí wọ́n gbà á fún ló ń bọ̀ lọ́nà yẹn, ṣùgbọ́n òróró kì í gbé inú ihò kọ́kọ́rọ́ lásán, eruku ló máa ń pè wá bá a gbé, àwọn méjèèjì á sì di àtè. Pẹ́ńsù ló yẹ kó fi síbẹ̀. Kéèyàn lọ òjé pẹ́ńsù kúnná, kó fẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó tán. Oyèbísí ní òun ò mọ̀. Bàbá ní òun mọ̀ pé kò mọ̀. Ó ki òwú tó rẹ sínú epo bẹntiróòlù bọ inú ihò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dúdú jáde.

Oyèbísí dúró tì í, ó ń wo aago ọwọ́. Agogo kan ti kọjá. Nígbà tó gbójú sókè, ojú òun àti ti Rọ̀kíbátù ṣe mẹ́rin.

Òdìkejì títì ni Rọ̀kíbátù wà, lábẹ́ igi fúrúùtù tó máa ń jókòó sí, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ń fi abẹ́rẹ́ kó ọnà sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó wo Oyèbísí díẹ̀, ó dá ojú padà sórí fìlà.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àní ó ju ọ̀rẹ́ lọ. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì kó dé àdúgbò náà, Rọ̀kíbátù láti Abẹ́òkúta, Oyèbísí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á ré títì kọjá; bó bá di Kérésì, ìkòkò ìrẹsì á ré e padà. Hameedat, ọmọ Rọ̀kíbátù, ẹ̀yìn Oyèbísí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Rọ̀kíbátù sì ní àṣà kan tí Oyèbísí máa ń torí rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀: ó máa ń we òwú pupa mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Oyèbísí á ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń so nǹkan mọ́ lára kó má sọnù, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Rọ̀kíbátù á ní ewúrẹ́ ẹni kì í gún ni nídìí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ tí sójà wá ni ẹ̀rín náà tán. Láti ìdájí ni Ìbídàpọ̀ ti gba ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Ìlàjẹ lọ, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kúrò. Nígbà tó di ọ̀sán, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tán, àwọn sójà dé ilé. Wọ́n da aṣọ sílẹ̀, wọ́n ya tìmùtìmù, ọ̀gá wọn sì fi ohùn líle ní kí Oyèbísí mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá. Bó ṣe ń wá a, ó wo ìta lójú fèrèsé. Ó rí Rọ̀kíbátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Píjó, òun àti sójà kan, ó na ọwọ́ sí mọ́tò náà, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Oyèbísí kò dúró wo ìyókù. Ó ti rí i tó. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹyin pamọ́ sí náà ló ń fi í han olè.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kọ̀ fún àwọn sójà. Wọ́n kì í, wọ́n tì í, wọ́n lu sítíárìn bí ẹni lu bẹ̀ǹbẹ́, wọ́n ní àwọn ń lọ mú ọkọ̀ tó máa fà á wá. Wọn ò padà wá. Oyèbísí ní Ọlọ́run ló ṣe é. Kò parọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí Rọ̀kíbátù ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí, àwọn tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ fún ogún ọdún. Bó bá sì ti kí i, Rọ̀kíbátù á kọ́kọ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó dáhùn. Oyèbísí ní ẹ̀rí ọkàn ni kò jẹ́ kó lè wo òun lójú. Nígbà tí ìyá Rọ̀kíbátù kú lọ́dún kejì, tí gbogbo àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Oyèbísí ti fèrèsé, ó jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú Bíbélì. Kò kà á. Ó kàn gbé e dání.

"Nǹkan wà níbí," ni Bàbá Bámilóyè wí.

Ó ti fi tọ́ọ̀ṣì há eyín, ó ki ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọmọ sùn sí láyà. Ó fà, ó dúró, ó yí ọwọ́ díẹ̀, ó tún fà. Ohun dúdú kan tí kò gùn ju èékánná lọ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi bẹntiróòlù nù ún. Abẹ́rẹ́ ni, ìdajì abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ tí wọ́n ń ki òwú bọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n we nǹkan mọ́ ibẹ̀. Bàbá tún nù ún, àwọ̀ rẹ̀ sì yọ lábẹ́ ẹrẹ̀ òróró. Pupa ni.

"Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ni bàbá wí. "Ẹni tó ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe. Ìdí ló kọ́kọ́ kì wọlé kí òwú lè há a, ó wá kán ṣóńṣó rẹ̀ dànù. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tó máa kọjá níwájú rẹ̀." Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. "Òróró rẹ ni kò jẹ́ kó dípẹtà. Bí kì í bá ṣe òróró ni, lúlúbútú pupa ni ǹ bá rí yọ, a ò ní mọ ohun tó jẹ́."

Oyèbísí na ọwọ́, bàbá sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó wo nǹkan kékeré náà, ó sì ń rí fèrèsé tí ó tì lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin òkú ìyá Rọ̀kíbátù, ọlọ́yàyà yẹn, obìnrin tó máa ń fi ẹ̀kọ tútù ránṣẹ́ sí i nígbàkígbà tó bá ti Abẹ́òkúta dé. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ti kó ẹrù Rọ̀kíbátù lọ fún ọdún mẹ́ta. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, ayọ̀ sì wà lábẹ́ ìtìjú náà tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ó ré títì kọjá.

Rọ̀kíbátù rí i tó ń bọ̀, ó gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oyèbísí ṣí àtẹ́lẹwọ́. Rọ̀kíbátù wò ó pẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

"Wọ́n ti yọ ọ́," ó ní.

"Rọ̀kí, ìwọ ni?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Rọ̀kíbátù sún sápá kan lórí àga, Oyèbísí sì jókòó tì í. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní òun ti rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kọjá lórí lọ́rì láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí òun sì gbọ́ tí ọ̀gá wọn pariwo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú ilé, òun mọ̀ pé wọn kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Fìlà àti abẹ́rẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn Píjó náà kì í tì. Ibi tí òun ti ń jáde nínú rẹ̀ ni sójà kan ti bá òun, tó bi òun pé kí ni òun ń wá níbẹ̀. Òun ní fìlà òun ni afẹ́fẹ́ gbé síbẹ̀. Òun nawọ́ sí mọ́tò, òun ní kó máa wo òkú mọ́tò, ẹni tó ni ín pàápàá, àwọn aládùúgbò ló máa ń bá a tì í kó tó lọ. Sójà náà fún òun ní ìgbátí kan, ó ní kí òun kúrò níbẹ̀.

Oyèbísí kò rí ìgbátí. Ó ti kúrò lójú fèrèsé nígbà náà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí ẹ̀rù tán, o ti ń kí mi ní ẹ kú iṣẹ́."

Rọ̀kíbátù fa agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀, ó ń tú inú rẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n á pe ẹni tó máa wo ihò náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì rí i fúnra wọn. Òróró ni òun ń rí lọ́jọọjọ́ Sátidé. "Mo ní ẹni tó ń gbàdúrà, kí n má dí i lọ́wọ́." Ó ti rí ohun tó ń wá. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Oyèbísí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni, ó ń dán. Ojú ibi tí wọ́n ti kán bá ara wọn mu wẹ́kú.

Oyèbísí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ tí òjò àná ti rẹ. Ó ní nítorí ọ̀rọ̀ òkú ìyá Rọ̀kíbátù. Kò lè parí rẹ̀. Rọ̀kíbátù di apá rẹ̀ mú, ó ń fà á sókè, ó ní ilẹ̀ tutù, ìró ńlá lo ró yẹn, agogo mélòó ni Bàbá Tóbi máa sọ̀? Omi ti kún ojú òun náà.

Nígbà tí Oyèbísí padà dé ìdí mọ́tò, Bàbá Bámilóyè ti fi abẹ lọ òjé pẹ́ńsù kúnná sórí bébà, ó sì ti fẹ́ ẹ sínú ihò. Kọ́kọ́rọ́ wọlé látòkèdélẹ̀ bí ọwọ́ tó wọ àpò. Ṣùgbọ́n kò yí. Ẹ̀rù tún ba Oyèbísí. Bàbá wolẹ̀ wo táyà iwájú, ó ní ó ti fara ti etí gọ́tà láti ọdún mẹ́ta, gbogbo ìnira rẹ̀ wà lórí sítíárìn, òun ló há kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀. Ó ní kó má fipá yí i.

"Fi ọwọ́ òsì máa mi sítíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, fi ọ̀tún máa yí kọ́kọ́rọ́ jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Oyèbísí ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbídàpọ̀ ti kọ́ ọ ní èyí rí, lórí iyanrìn etí ọ̀sà, nígbà tó ń kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ rántí kí orí tó rántí. Sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún. Nǹkan tú nínú rẹ̀, kẹ́rẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì yí. Mọ́tò náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín dúdú lu gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì dúró sórí ohùn rẹ̀. Oyèbísí gbé orí lé sítíárìn. Bàbá Bámilóyè ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí wọ́n bá òun kí atẹ̀wé, òun á wá kí i káàbọ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ òní kò sí lára ohun tí àwọn máa sọ.

Agogo méjì ààbọ̀ ti lù. Oyèbísí na ọrùn láti ojú fèrèsé mọ́tò, ó pe Rọ̀kíbátù. Rọ̀kíbátù ká fìlà sínú àpò, ó gbọn ìró, ó ré títì wá, ó sì na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Iwájú," ni Oyèbísí wí.

"Bàbá Tóbi ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ló máa jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ nà."

Wọ́n gbéra. Píjó náà ń gbọ̀n díẹ̀, àwọn ènìyàn ń yà fún un, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dúró wò ó. Ìgò òróró àdúrà ń yí gbirigbiri níbi tí Oyèbísí máa ń fi í sí níwájú. Ó rò ó pé kí òun tó kán ẹ̀kán àkọ́kọ́ rárá, kí òun tó ṣe àmín àkọ́kọ́, ohun tí òun ń tọrọ ti wà nínú ihò náà. Ọpẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fún.

"O ṣé o, Rọ̀kí," ó rọra sọ ọ́.

Rọ̀kíbátù, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń yí i. Ó yí tara-tara lórí ìjókòó títí etí ọ̀tún rẹ̀ fi kọjú sí Oyèbísí.

"Kí lo wí? Ìhà yìí ni kó o máa gbà bá mi sọ̀rọ̀. Etí òsì tí sójà yẹn gbá ò gbọ́ràn mọ́."

Oyèbísí tẹ bíréèkì. Gbogbo ọdún mẹ́ta náà, ojú tí ó ní ó ń sá fún òun, ṣé etí ló ń wá láti fi gbọ́ òun? Ọ̀kadà kan fun fèrè lẹ́yìn wọn, ó yà wọ́n sílẹ̀ lọ. Oyèbísí gbé ohùn sókè, ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́bàá títì yíjú wò wọ́n.

"Mo ní o ṣeun, Rọ̀kíbátù."

"Mo ti gbọ́," ni Rọ̀kíbátù wí. "Máa wo iwájú."